Orí Kẹsàn-án: Títẹ Sákíìtì sí Ojú Ohun Kékeré Tí Kò Tẹ́jú

1. Ohun tí orí yìí dá lé lórí

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tú fóònù tàbí rédíò wò rí yóò ti kíyè sí i pé orí pátákó pẹlẹbẹ ni a to gbogbo ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ sí, tí ojú ọ̀nà bàbà tín-ín-rín tí iná mànàmáná ń gbà, èyí tí à ń pè ní sákíìtì, sì tẹ́ lọ rẹrẹ lórí pátákó náà láìsí gegele, láìsí kòtò. Ṣíìpù tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ náà pàápàá, pẹlẹbẹ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú ohun tí Ẹlẹ́dàá dá kò tẹ́jú: ẹyinjú ọmọ ènìyàn rí rogodo, irun orí rẹ̀ gùn gbọọrọ ó sì yí po, iṣan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbà ní ihò nínú, ó sì ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tí oníṣègùn bá wá ń fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa ṣọ́ ìfúnpá inú ẹyinjú láti òwúrọ̀ ọjọ́ kan di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí ayàwòrán bá ń fẹ́ kámẹ́rà tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ wọnú bí ti ojú tí a dá mọ́ wa, tí onímọ̀ nípa ohun alààyè bá sì ń fẹ́ kí òòfà tí ojú lásán kò lè rí jókòó sára fọ́nrán kan ṣoṣo, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bèèrè: sákíìtì tí yóò jókòó sára ohun tí ó kéré, tí kò sì tẹ́jú.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí ń ṣe ṣíìpù lóde òní lè fa ilà tí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, síbẹ̀ apá wọn kò ká ojú ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo. Ìdí rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò nínú orí yìí. Lẹ́yìn náà ni a ó tọ́ka sí ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì tí àwọn onímọ̀ ti gbà láti yanjú ọ̀ràn náà.

Ohun kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìmọ́lẹ̀, arìn-tààrà-má-yà, kì í ṣẹ́rí padà láti tọ ẹ̀yìn rogodo. Sílíkọ́nì tí a fi ń ṣe ṣíìpù, bí ó bá nípọn, kì í tẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ohun rogodo tí a fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí kò sì ní tẹ́jú nítorí tiwa. Nígbà tí agídí mẹ́ta bá pàdé báyìí, iṣẹ́ kò lè ṣeé ṣe àfi bí ohun kan bá gbà fún èkejì. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀nà tí a ó mẹ́nu bà níhìn-ín ń dáhùn, ìbéèrè náà sì ni pé: kí ni yóò rọ̀?

2. Bí ojú pẹlẹbẹ ṣe jọba

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, ní ilé ìwádìí Bell ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, John Bardeen àti Walter Brattain, tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ tí William Shockley jẹ́ ọ̀gá fún, ṣe tíránsístọ̀ àkọ́kọ́, ohun kékeré tí ń darí iná mànàmáná nínú sákíìtì. Ṣùgbọ́n ńṣe ni tíránsístọ̀ ìgbà náà ń dá dúró, ọwọ́ ni a sì fi ń so ọ̀kan mọ́ èkejì pẹ̀lú wáyà. Ní ọdún 1958, Jack Kilby fi hàn ní ilé iṣẹ́ Texas Instruments pé ègé ohun èlò kan ṣoṣo lè gba odidi sákíìtì. Nígbà tí ó di ọdún 1959, Jean Hoerni, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Fairchild ní California, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí gbogbo apá tíránsístọ̀ fi wà lójú kan náà tí ó tẹ́jú, tí awọ ààbò tín-ín-rín sì bò ó mọ́lẹ̀. Orí ọ̀nà yìí ni Robert Noyce, tí òun àti Hoerni jọ wà níbẹ̀, dúró lé tí ó fi fa ojú ọ̀nà irin láti ara tíránsístọ̀ kan dé ara òmíràn, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní láti máa fi ọwọ́ so wáyà mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ojú pẹlẹbẹ ti gorí ìtẹ́, kò sì tí ì sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé iṣẹ́ náà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀-lé. A ó mú pẹlẹbẹ sílíkọ́nì, ọmọ yanrìn tí a yọ́ mọ́ títí àbàwọ́n fi tán lára rẹ̀. A ó da ọ̀dà olómi kan sí àárín rẹ̀, ọ̀dà tí ìmọ́lẹ̀ máa ń yí ìwà rẹ̀ padà. A ó sì mú kí pẹlẹbẹ náà máa pòòyì kíkankíkan kí ọ̀dà náà lè tàn ká gbogbo ojú rẹ̀ dọ́gbadọ́gba. Lẹ́yìn èyí, a ó tan ìmọ́lẹ̀ gba inú dígí tí a ti ya bátànì sí, lẹ́ǹsì yóò sì kó àwòrán bátànì náà jọ sórí ọ̀dà. Kẹ́míkà yóò fọ ọ̀dà kúrò níbi tí ìmọ́lẹ̀ dé, yóò sì fi ti ibi tí kò dé sílẹ̀. Ibi tí ó ṣí sílẹ̀ náà ni a ó ti gbẹ́ ohun tí a fẹ́ gbẹ́, tàbí kí a fi irin bò ó. A ó tún iṣẹ́ yìí ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, ìpele kan lé orí òmíràn, títí ṣíìpù yóò fi parí.

Bí a bá gbé ohun rogodo síwájú iṣẹ́ yìí, ibi mẹ́ta ni yóò ti kọsẹ̀. Èkíní, ọ̀dà náà kò ní tàn dọ́gba, nítorí yóò ṣàn kúrò lórí ibi tí ó yọ, yóò sì jọ sí ibi tí ó rẹlẹ̀. Èkejì, ìmọ́lẹ̀ kò ní dé ẹ̀yìn àti abẹ́ rẹ̀ rárá. Ẹ̀kẹta, ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé pàápàá, àwòrán kò ní mọ́ níbẹ̀ àfi ní ojú ibi kékeré kan. Èyí sì ni ó yẹ kí a fi ìṣirò wádìí.

Ká ní a ní bọ́ọ̀lù dígí kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 1 mìlímítà, tí ìwọ̀n láti àárín rẹ̀ dé etí, tí a ó máa pè ní R, sì jẹ́ 0.5 mìlímítà. Bí a bá kúrò ní góńgó orí bọ́ọ̀lù náà tí a sì rìn ní ìwọ̀n r sí ẹ̀gbẹ́, ojú rẹ̀ yóò ti rẹlẹ̀ ní iye yìí:

ìrẹlẹ̀ = R − √(R² − r²)

Bí r bá jẹ́ 0.1 mìlímítà, ìrẹlẹ̀ náà yóò jẹ́ 0.5 − √(0.25 − 0.01), èyí tí ó jẹ́ bíi 0.0101 mìlímítà. Máíkírómítà ni a ń pe ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà; nítorí náà, ojú bọ́ọ̀lù náà ti rẹlẹ̀ ní bíi máíkírómítà 10. Ṣùgbọ́n bí a bá lo ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn ní 0.365 máíkírómítà, tí ó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, tí a sì fi lẹ́ǹsì tí ìwọ̀n ìkómọ́lẹ̀jọ rẹ̀ (numerical aperture) jẹ́ 0.5 kó o jọ, ibi tí àwòrán rẹ̀ ti mọ́ kedere kò nípọn ju bíi máíkírómítà 1.5 lọ. Ìrìn tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ ti gbé wa kúrò nínú ibi tí ó mọ́, ó ti sọ wá sínú ibi tí gbogbo ilà ti dà rú mọ́ ara wọn.

3. Irú ojú méjì tí kò tẹ́jú

Kì í ṣe gbogbo ojú tí kò tẹ́jú ni ó le bákan náà, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn yóò ṣe wàhálà lásán. Mú tákàdá kan, kí o fi wé ara ìgò: tákàdá náà yóò lẹ̀ mọ́ ìgò pinpin, kò ní ká, kò ní ya. Wá mú òmíràn, kí o fi bo ẹ̀yìn igbá: bí ó ti wù kí o rọra tó, etí rẹ̀ yóò máa ká jọ, àfi bí o bá fi àlùmọ́gàjí gé e ní ibi púpọ̀. Ìgò àti igbá kò tẹ́jú, àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni ara ìgò tẹ̀ sí, nígbà tí ẹ̀yìn igbá tẹ̀ síhìn-ín, tí ó tún tẹ̀ sọ́hùn-ún.

Carl Friedrich Gauss, àgbà onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Jámánì, ni ó fi ẹ̀rí ìṣirò ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn ní ọdún 1827. Ó fi hàn pé kò sí ọgbọ́n tí a lè dá tí a ó fi sọ ojú rogodo di pẹlẹbẹ, tàbí tí a ó fi sọ pẹlẹbẹ di rogodo, láìjẹ́ pé ibì kan nà tàbí pé ibì kan sún kì. Òfin ni èyí, kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe, kò sì sí ọ̀jáfáfá tí ó lè yẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, sákíìtì tí a bá fẹ́ wé mọ́ irun tàbí wáyà kàn ní láti lè tẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá fẹ́ fi bo ẹyinjú gbọ́dọ̀ lè tẹ̀, kí ó sì tún lè nà.

Bí ó bá jẹ́ ti títẹ̀ nìkan ni, ìnípọn ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí a bá tẹ awẹ́ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò nà, inú rẹ̀ yóò sún kì. Bí ó bá ti nípọn tó ni yóò ti nà tó. Bí ìnípọn rẹ̀ bá jẹ́ t, tí R sì jẹ́ ìwọ̀n láti àárín ohun tí a wé e mọ́ dé etí rẹ̀, ìdá tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi nà ni:

ìnà = t ÷ 2R

Sílíkọ́nì kò fẹ́ràn nínà. Bí a bá fà á dé bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti súnmọ́ àtifọ́. Pẹlẹbẹ sílíkọ́nì tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 0.5 mìlímítà, bí a bá ní kí ó tẹ̀ mọ́ ohun tí R rẹ̀ jẹ́ 5 mìlímítà, yóò ní láti nà ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì ní dé ibẹ̀ kí ó tó fọ́ yángá. Ṣùgbọ́n bí a bá bó o títí ó fi ku máíkírómítà 1 ní ìnípọn, ìnà rẹ̀ lórí ohun kan náà kò ju ìdá kan nínú ẹgbàárùn-ún lọ, yóò sì tẹ̀ wọ̀ọ̀. Èyí ni ó jẹ́ kí àwọn onímọ̀ tètè kọ́ pé kí a tó sọ pé ohun kan kò ṣeé tẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè bí ó ti nípọn tó.

4. Ọ̀nà kìíní: irinṣẹ́ ni yóò yí

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà tí ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ènìyàn ni pé kí a má ṣe wàhálà bátànì rárá, kí a fa ilà náà tààrà sára ohun rogodo, kí irinṣẹ́ máa tẹ̀ lé ojú rẹ̀ bí ó ti ń ga tí ó sì ń rẹlẹ̀. Bí ẹni tí ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ ti ń yí igbá lọ́wọ́ kan, tí ọ̀bẹ ọwọ́ kejì kì í sì kúrò lójú ilà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ wọ̀nyí ń ṣe, kọ̀ǹpútà ni ó kàn ń darí ọwọ́ wọn.

Ní ọdún 2011, ẹgbẹ́ Jennifer Lewis àti Jennifer Bernhard ní Yunifásítì Illinois fi tàdáwà fàdákà ya ẹ̀rìgbà rédíò, tí a tún ń pè ní áńtẹ́nà, sórí ìlàjì bọ́ọ̀lù dígí. Ẹ̀rún fàdákà tí ó kéré jọjọ ni a pò mọ́ omi láti fi ṣe tàdáwà náà, ó ki tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń dúró níbi tí a bá fà á sí, kì í ṣàn lọ. Bí a bá fi iná sí i, àwọn ẹ̀rún náà yóò so pọ̀ di ojú ọ̀nà irin kan ṣoṣo; nítorí pé wọ́n kéré, iná tí ó ń so wọ́n pọ̀ kò tó 961 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí í yọ́ odidi fàdákà. Ìwúlò ìlàjì bọ́ọ̀lù níhìn-ín ni pé ẹ̀rìgbà tí ó bá lo gbogbo àyè rogodo tí ó yí i ká ń ṣiṣẹ́ ju ẹ̀rìgbà pẹlẹbẹ tí ìbú wọn dọ́gba lọ.

Irú irinṣẹ́ kejì nínú ọ̀nà yìí kì í fi ẹnu kan ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹ̀rọ yóò sọ tàdáwà di kùrukùru, tí ẹ̀kán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju máíkírómítà 1 sí 5 lọ. Afẹ́fẹ́ yóò gbé kùrukùru náà gba ẹnu ihò tín-ín-rín kan jáde, afẹ́fẹ́ mìíràn yóò sì yí i ká kí ó má baà fọ́n káàkiri. Nítorí pé ó lè dúró ní ìwọ̀n mìlímítà díẹ̀ sí ojú tí ó ń ya, gegele àti kòtò kékeré kò dí i lọ́wọ́, ó sì lè fa ilà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ bíi máíkírómítà 10. Irú ẹ̀kẹta, tí ilé iṣẹ́ LPKF ní Jámánì sọ di iṣẹ́ ọjà, ń fi ìtànṣán lésà kọ ilà sára ike tí a ti po èròjà irin mọ́; ibi tí lésà bá kàn ni yóò gba bàbà nígbà tí a bá rì í sínú omi bàbà, ibòmíràn kò ní gbà á. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rìgbà inú fóònù ni a ti fi ọ̀nà yìí ṣe.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbìyànjú láti sọ ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ di irinṣẹ́ rogodo. Ní ọdún 1996, Akira Ishikawa dá ilé iṣẹ́ Ball Semiconductor sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Texas, èrò rẹ̀ sì ni pé kí a ṣe ṣíìpù sórí bọ́ọ̀lù sílíkọ́nì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 1 mìlímítà, kí àwọn bọ́ọ̀lù náà sì máa gba inú páìpù kọjá láti ìpele iṣẹ́ kan sí òmíràn. Èrò ńlá ni, nítorí ojú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ jẹ́ 3.14 mìlímítà onígun mẹ́rin dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni àyè tí ó gbà nílẹ̀ kò ju 1 lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìṣòro tí a kà ní ìpín kejì ni ó dúró dè é lọ́nà, ṣíìpù pẹlẹbẹ ni ó sì gba ọjà.

Àléébù ọ̀nà kìíní yìí ni pé ilà kan lẹ́yìn òmíràn ni ó ń fà. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ẹ̀rìgbà kan, ó dára. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tíránsístọ̀, ilẹ̀ yóò ṣú bá a.

5. Ọ̀nà kejì: sákíìtì fúnra rẹ̀ ni yóò rọ̀

Ọ̀nà kejì kò bá ojú pẹlẹbẹ jà. Ó jẹ́ kí ojú pẹlẹbẹ ṣe ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ, kí a tó wá gbé iṣẹ́ tí ó parí lọ síbi tí kò tẹ́jú. Sákíìtì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tín-ín-rín kí ó lè tẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìpín kẹta ti fi hàn. Òfin Gauss sì béèrè pé kí ó ní ibi tí yóò ti máa nà tàbí kí ó máa sún kì.

Àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jù ni kámẹ́rà tí ẹgbẹ́ John Rogers ní Yunifásítì Illinois, pẹ̀lú Yonggang Huang ti Yunifásítì Northwestern, gbé jáde ní ọdún 2008. Ẹ̀yìn ẹyinjú wa tẹ̀ wọnú, nítorí èyí ni lẹ́ǹsì kan ṣoṣo inú rẹ̀ fi tó láti mú àwòrán tí ó mọ́ wá. Kámẹ́rà tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú a máa nílò lẹ́ǹsì púpọ̀ láti ṣe àtúnṣe etí àwòrán. Láti ṣe ẹ̀yìn tí ó tẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ yìí kọ́kọ́ ṣe ojú agbàmọ́lẹ̀ sílíkọ́nì kéékèèké, 16 ní ìbú àti 16 ní òró, lórí pẹlẹbẹ bí ti àtẹ̀yìnwá, wọ́n sì fi okùn irin tín-ín-rín so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ èkejì. Wọ́n wá mú rọ́bà tí a dà ní ìrísí ìlàjì bọ́ọ̀lù, wọ́n fà á láti gbogbo etí títí ó fi tẹ́jú bí awọ ojú ìlù, wọ́n sì fi gbé àwọn ojú agbàmọ́lẹ̀ náà kúrò lórí pẹlẹbẹ. Nígbà tí wọ́n tú rọ́bà náà sílẹ̀, ó padà di ìlàjì bọ́ọ̀lù, ó sì fà wọ́n sún mọ́ra. Ṣùgbọ́n kò sí ojú agbàmọ́lẹ̀ kan tí ó fọ́, nítorí pé àwọn okùn irin àárín wọn ni ó gbé wàhálà náà, tí wọ́n gbé ẹ̀yìn sókè kọ́rọ́kọ́rọ́, tí wọ́n sì jẹ́ kí sílíkọ́nì jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ inú àwo dígí tí ó tẹ̀ bákan náà.

Ẹ wo ọgbọ́n inú iṣẹ́ náà dáradára. A kò sọ pé kí ohun tí ó le di rírọ̀. A pín iṣẹ́ fún wọn ni, kí ohun líle máa gba ìmọ́lẹ̀, kí ohun rírọ̀ sì máa gba wàhálà. Ní ọdún 2013 ẹgbẹ́ Rogers tún lo ìpín iṣẹ́ yìí láti ṣe kámẹ́rà tí ó yọ síta bí ojú kòkòrò, tí ó ní bí 180 ojú kéékèèké tí ó sì ń rí bí 160 dígírì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti ìṣègùn, lẹ́ǹsì ojú kan wà tí a ń pè ní Triggerfish, tí ilé iṣẹ́ Sensimed ní Switzerland ṣe: okùn irin tín-ín-rín inú rẹ̀ ń nà, ó sì ń sún kì, bí ìfúnpá inú ojú ti ń yí ìrísí ẹyinjú padà, ó sì ń bá oníṣègùn tí ń ṣọ́ àrùn glókómà kó ìròyìn fún odidi wákàtí 24. Àjọ tí ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 2016.

6. Ọ̀nà kẹta: ohun tí ń gbé e lọ ni yóò rọ̀

Ohun mìíràn tún wà tí ó lè gbà fún èkejì, ohun náà sì ni èyí tí ń gbé bátànì láti ojú pẹlẹbẹ lọ sí ojú rogodo. Ní ọdún 1995, Rebecca Jackman, James Wilbur àti George Whitesides ní Yunifásítì Harvard fi òǹtẹ̀ rọ́bà ṣe èyí. Wọ́n fi kẹ́míkà kan tí ó máa ń so mọ́ wúrà pa ojú òǹtẹ̀ náà, wọ́n sì yí páìpù dígí tín-ín-rín tí a ti fi wúrà bò lórí rẹ̀. Ibi tí kẹ́míkà náà lẹ̀ mọ́ di ààbò fún wúrà abẹ́ rẹ̀; ibi tí kò lẹ̀ mọ́ ni kẹ́míkà mìíràn jẹ lọ. Báyìí ni ilà tí ìbú rẹ̀ kò tó máíkírómítà 1 ṣe jókòó sí ojú tí kò tẹ́jú. Ṣùgbọ́n rọ́bà, bí ó ti rọ̀ tó, a ṣì ní láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Agbára tí a fi tẹ̀ ẹ́ lè fún bátànì náà, kò sì lè yí ká etí mímú tàbí kí ó wọ kòtò jíjìn.

Ní ọdún 2022 ni Gary Zabow, onímọ̀ ní NIST, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó òṣùwọ̀n, gbé ọ̀nà kan jáde tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé ṣúgà ni ó fi ṣe é. Ó ti ń kó òòfà kéékèèké sínú ṣúgà dídì, kí ó lè fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń ṣe ìwádìí ìṣègùn, nítorí pé omi lásán ti tó láti tú wọn sílẹ̀, kò sì ní fi májèlé kankan sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú ṣúgà náà ni ó gbàgbé sínú ife dígí, ooru sì yọ́ ọ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ sí ìdí ife. Nígbà tí ó fi omi ṣan ife náà, kò rí àwọn òòfà nínú omi. Ìdí ife ni wọ́n wà, wọ́n lẹ̀ mọ́ dígí, wọ́n sì ń dán ní àwọ̀ òṣùmàrè. Òṣùmàrè náà ni ó jẹ́rìí, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ a máa yà sí àwọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ohun kéékèèké bá tò lẹ́sẹẹsẹ: ó túmọ̀ sí pé àwọn òòfà náà kò tú ká, wọn kò kúrò ní ìtò wọn nígbà tí ṣúgà ń ṣàn.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. A ó ṣe bátànì náà lórí pẹlẹbẹ, bí a ti mọ̀ ọ́n ṣe. A ó da ṣúgà tí a pò mọ́ omi adùn àgbàdo lé e lórí. Nígbà tí omi inú rẹ̀ bá gbẹ, yóò dì, a ó sì gbé e kúrò pẹ̀lú bátànì tí ó ti rì sínú rẹ̀. A ó gbé ṣúgà dídì yìí lé ohun tí kò tẹ́jú lórí, a ó sì fi ooru díẹ̀ sí i. Ṣúgà náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ṣùgbọ́n kò ní sáré. Yóò rọra wálẹ̀ bí ó ti ki tó, yóò yí ká gbogbo gegele, yóò wọ kòtò, yóò sì gbé bátànì náà dání láìtú u ká. Nígbà tí ó bá tutù, omi, àbùwẹ̀ àbùmu tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá, yóò fọ̀ ọ́ dànù, bátànì nìkan ni yóò sì ṣẹ́kù.

Ní ọ̀nà yìí ni Zabow fi kọ orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sára irun orí ènìyàn kan ṣoṣo pẹ̀lú lẹ́tà wúrà, bẹ́ẹ̀ ni irun orí kì í sábà ju máíkírómítà 100 lọ ní ìbú. Ó tún to òòfà tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ máíkírómítà 1 sára fọ́nrán òwú èso koríko kan tí ó jẹ́ ìbátan bọmubọmu. Nígbà tí a mú òòfà ńlá sún mọ́ fọ́nrán náà, ó mì, èyí tí ó fi hàn pé àwọn òòfà kékeré náà ti jókòó dáradára.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí ṣúgà náà bá ṣàn bí omi, ìtò bátànì yóò fọ́nká. Bí kò bá ṣàn rárá, kò ní yí ká. Ìkì rẹ̀, tí ó wà láàárín méjèèjì, ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé.

7. Yíyan ọ̀nà

Ẹni tí yóò ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ní nǹkan mẹ́ta. Ṣé ojú apá kan ni tàbí ojú apá méjì? Bí ó bá jẹ́ ti apá kan, awẹ́ tín-ín-rín tí ó lè tẹ̀ ti tó. Bí ó bá jẹ́ ti apá méjì, a gbọ́dọ̀ ní okùn tí ń nà tàbí ohun tí ń ṣàn. Ilà mélòó ni iṣẹ́ náà ní? Bí wọn kò bá pọ̀, kí irinṣẹ́ fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pọ̀ lọ súà, kí a ṣe wọ́n lórí pẹlẹbẹ kí a tó gbé wọn lọ. Èwo nínú ooru, omi àti agbára ni ohun náà lè gbà? Ṣúgà kò tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, omi ni ó sì tó láti fọ̀ ọ́; tàdáwà fàdákà ń béèrè iná, òǹtẹ̀ sì ń béèrè ìtẹ̀mọ́lẹ̀.

Ìṣòro kan wà tí kò tí ì tán nílẹ̀. Ṣíìpù òde òní jẹ́ ìpele lórí ìpele, ó sì di dandan kí ìpele kejì bọ́ sórí ti àkọ́kọ́ láìyẹ̀. Lórí pẹlẹbẹ, àmì tí a fi sí igun rẹ̀ ti tó láti tọ́ ọ, ṣùgbọ́n lórí ohun rogodo tí ó kéré bí irun, dídi ohun náà mú láìjẹ́ kí ó yí pàápàá jẹ́ iṣẹ́. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú ohun tí a ti ṣe títí di ìsinsìnyí fi jẹ́ ìpele kan: ẹ̀rìgbà, òòfà, okùn tí ń wọn ìnà. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ìpele kan ṣoṣo tí ó jókòó dáradára sí ojú aláìsàn lè gba ojú náà lọ́wọ́ ìfọ́jú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí ọ̀nà tí ìpele kejì àti ẹ̀kẹta yóò fi bọ́ sí ipò wọn lára ohun rogodo yóò ti ṣí ilẹ̀kùn tí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ṣì ń kàn.

8. Ìbéèrè àti iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ni ó mú kí ọ̀nà tí Jean Hoerni gbé kalẹ̀ ní ọdún 1959 wúlò fún iṣẹ́ Robert Noyce? Sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tìrẹ.

2. Ìbú bọ́ọ̀lù dígí kan jẹ́ 4 mìlímítà. Ṣe ìṣirò ìrẹlẹ̀ ojú rẹ̀ ní ibi tí r jẹ́ 0.1 mìlímítà, kí o sì fi wé ti bọ́ọ̀lù inú ìpín kejì. Kí ni ìdáhùn rẹ kọ́ ọ nípa ìdí tí kíkékeré fi ń mú kí iṣẹ́ náà le sí i?

3. Irun orí kan ní R tí ó jẹ́ 0.05 mìlímítà. Wá ìnà awẹ́ sílíkọ́nì tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ máíkírómítà 1 tí a wé mọ́ ọn, kí o sì sọ bóyá ó léwu. Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó tín-ín-rín tó kí ìnà rẹ̀ má ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ?

4. Gé tákàdá sí ìrísí mẹ́ta tí o rò pé ó lè bo ẹ̀yìn igbá láìká jọ. Ya àwòrán wọn, kí o sì ṣàlàyé bí ibi tí o gé ṣe ń ṣe iṣẹ́ okùn irin inú kámẹ́rà ọdún 2008.

5. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a kà nínú orí yìí, sọ ohun tí ó rọ̀ àti ohun tí kò rọ̀, kí o sì yan èyí tí ìwọ yóò lò láti fi ojú ọ̀nà wúrà mẹ́wàá sára abẹ́rẹ́ oníṣègùn. Gbe ìdí rẹ lẹ́yìn pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta inú ìpín keje.